Ta Ló Di Pọ́ọ̀tù Yìí Mú?

Pọ́ọ̀tù ni ẹnu ọ̀nà onínọ́ńbà tí ètò inú kọ̀ǹpútà fi ń gba ọ̀rọ̀ látorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọ̀pọ̀ oníbàárà tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Otigba, ní Ìkẹjà, ti mọ̀ pé 80 jẹ́ ti wẹ́ẹ̀bù, 3306 jẹ́ ti MySQL tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, 3389 sì jẹ́ ti Remote Desktop tí a fi ń lo kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn. Ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n kò tó. Nọ́ńbà pọ́ọ̀tù dà bíi nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù nínú plaza wa: pátákó lè sọ pé fóònù ni wọ́n ń tún ṣe, kẹ́ ẹ wọlé kẹ́ ẹ bá ẹni tó ń ta lọ́fínńdà. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló mọ ẹni tó wà níbẹ̀. Òun la máa bi.

Windows ni wọ́n máa ń gbé wá bá mi jù. Ẹ wá cmd, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, ẹ fi máòsì tẹ̀ ẹ́ lápá ọ̀tún, kẹ́ ẹ mú Run as administrator. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ èyí:

netstat -ano | findstr LISTENING

LISTENING túmọ̀ sí pé ètò kan ń dúró ní pọ́ọ̀tù yẹn de ẹni tó máa kàn sí i. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ìlà kọ̀ọ̀kan ni PID, èyí tí Windows fi ń dá ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ mọ̀. Bí ẹ bá rí 0.0.0.0:3306, tí PID rẹ̀ jẹ́ 5216, ẹ béèrè ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀:

tasklist /svc /fi "PID eq 5216"

Ẹ má yọ /svc yẹn kúrò o. Láìsí i, svchost.exe lẹ óò kàn máa rí ṣáá, torí abẹ́ orúkọ kan náà ni Windows kó ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ sí. /svc ló máa fi hàn yín pé iṣẹ́ Windows tó ń jẹ́ RpcSs ló wà ní 135, tàbí pé TermService ló wà ní 3389. Ní ti PID 4, Windows gan-an nìyẹn. Òun ló ń di 445 mú, èyí tí a fi ń pín fáìlì. Ẹ má dààmú láti pa á. Kẹ́ ẹ ṣáà rí i pé Windows yín ti gba àtúnṣe, torí 445 ni WannaCry, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan, gbà wọlé káàkiri ayé ní oṣù Karùn-ún 2017, nígbà tí Microsoft ti gbé àtúnṣe jáde láti oṣù Kẹta.

TCP nìyẹn o. UDP, ọ̀nà kejì tí ètò fi ń ránṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kì í kọ LISTENING. netstat -ano -p udp ni tirẹ̀.

Ibi tí ojú mi máa ń pẹ́ sí jù ni àdírẹ́sì tó ṣáájú nọ́ńbà pọ́ọ̀tù. Bó bá jẹ́ 127.0.0.1, inú kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ni wọ́n ti lè bá a sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ 0.0.0.0 tàbí [::], gbogbo ẹni tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àfi bí firewall, ètò tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kọ̀ǹpútà, bá dá wọn dúró. Àlhájà kan tó ń ta léèsì ní Balógun ní sọ́fítíwíà tó fi ń ka ọjà. Ẹni tó bá a gbé e sórí ẹ̀rọ ṣí MySQL rẹ̀ sílẹ̀ ní 0.0.0.0, ó sì fún un láyè nínú firewall. Bẹ́ẹ̀ Wi-Fi kan náà ni àwọn oníbàárà fi ń wo WhatsApp bí wọ́n bá ń dúró kí wọ́n gé aṣọ fún wọn.

"Ṣé ò ń sọ pé wọ́n lè mọ iye tí mo ra ọjà mi?"

Mo ní, "Bí wọ́n bá mọ páásíwọ̀ọ̀dù ni, mà." Páásíwọ̀ọ̀dù ọ̀hún sì rèé, 1234.

A pààrọ̀ ìyẹn ná. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ń lò ó, nítorí náà mo kọ bind-address=127.0.0.1 sábẹ́ [mysqld] nínú my.ini, fáìlì tí MySQL ti ń ka àṣẹ rẹ̀, mo tún MySQL bẹ̀rẹ̀, mo sì tún netstat tẹ̀ kí n fojú ara mi rí i. MySQL 8 tún máa ń ṣí 33060. Ìlà mysqlx-bind-address nínú fáìlì kan náà la fi ń yan àdírẹ́sì fún ìyẹn. Bí kaṣíà méjì bá ń lò ó láti orí ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èyí kò ní bá yín mu: inú firewall lẹ ó ti yan àdírẹ́sì tó lè wọlé, kẹ́ ẹ sì ya Wi-Fi oníbàárà sọ́tọ̀.

Lórí Linux, sudo ss -tulpn ti parí ẹ̀. Láìsí sudo, orúkọ ètò tí kì í ṣe tiyín kò ní hàn. Lórí Mac:

sudo lsof -nP -iTCP -sTCP:LISTEN

Àwọn ọmọ tó ń kọ́ Python ní Yábàá mọ wàhálà 5000 dáadáa. Ibẹ̀ ni Flask, irinṣẹ́ Python tí wọ́n fi ń kọ wẹ́ẹ̀bù, máa ń lọ, bẹ́ẹ̀ láti ìgbà macOS Monterey ni AirPlay Receiver, tó ń gba fídíò àti orin látorí ẹ̀rọ Apple mìíràn, ti jókòó síbẹ̀. ControlCe ni lsof máa kọ, ó gé orúkọ ControlCenter kúrú. Ẹ pa AirPlay Receiver nínú ètò Mac, tàbí kẹ́ ẹ gbé Flask lọ sí 5001.

Bí orúkọ kan bá ṣàjèjì sí yín lórí Windows, ẹ lo PowerShell láti mọ ibi tó ti wá:

Get-Process -Id 5216 | Select-Object Path

Èyí tó bá fi ara pamọ́ sínú Temp, fódà fáìlì ìgbà díẹ̀, tó tún ń ṣí pọ́ọ̀tù, ẹ yọ íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó wádìí ẹ̀ síwájú. Ní ti láptọ́ọ̀pù tokunbo tí mo bá bá VNC, ètò tí a fi ń darí kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn, lórí rẹ̀ ní 5900, tí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ fi sílẹ̀, n kì í wádìí rárá. Mo máa ń pa gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì rẹ́ ni, kí n gbé Windows tuntun lé e.