Ẹ má tíì tẹ reset: bí a ṣe ń ṣètò dráìfù mọ́tò ní Kánò

Tí wọ́n bá pè mí pé dráìfù, àpótí tó ń darí bí mọ́tò ṣe ń yára tó, ti tún dúró, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni, "Kí ló kọ sójú?" Èsì tí mo sì máa ń gbọ́ ni, "Ẹ̀gbọ́n, a ti tẹ reset, ó ti ń ṣiṣẹ́ padà." Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí. Dráìfù ti sọ ohun tó ń ṣe é, ẹni tó yẹ kó gbọ́ ti pa á lẹ́nu mọ́.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Sábọ̀n Gàrí ni mo ti kọ́ṣẹ́ iná, àárín Sharada àti Bompai, àdúgbò àwọn iléeṣẹ́ ní Kánò, ni mo sì ti ń jẹun láti ìgbà náà. Ohun tí ojú mi ti rí ni pé dráìfù tó ń dúró kì í sábà jẹ́ dráìfù tó bàjẹ́. Ooru ni, tàbí eruku, tàbí iná tí kò tó, tàbí nọ́ńbà tí ẹnì kan tẹ̀ sínú rẹ̀ láìwo ara mọ́tò.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ohun tó ń lọ nínú àpótí yẹn. Iná féèsì mẹ́ta, 415 fólítì, 50 Hertz (ìgbà 50 ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan), ló wọlé. Dráìfù sọ ọ́ di DC, ó tọ́jú rẹ̀ sínú kapásítọ̀ ńlá, níbi tí yóò ti tó nǹkan bíi 580 fólítì. Lẹ́yìn náà ni yóò máa gé e wẹ́wẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, títí tí yóò fi dà bí AC lójú mọ́tò. Hertz tó bá yàn ni yóò sọ bí mọ́tò ṣe máa yára tó. Bí Hertz bá ń lọ sílẹ̀, fólítì gbọ́dọ̀ máa bá a lọ, nǹkan bíi 8.3 fólítì fún Hertz kan.

Nítorí kapásítọ̀ yẹn, ẹ má ṣí dráìfù lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá pa bíréékà. Ẹ dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tàbí iye tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì fi mítà wọn DC kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Àwọn mọ́tò olómágínẹ́ẹ̀tì tó ń wọ ọjà báyìí tún ní tiwọn: bí ẹnikẹ́ni bá ń fọwọ́ yí wọn, wọ́n ń ṣe iná jáde, bí bíréékà tilẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹ dè é kó má lè yí.

Kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà kankan, ẹ lọ wo iṣẹ́ tí mọ́tò ń ṣe. Páńpù àti fáànù ń fúyẹ́ bí wọ́n bá rọra yí. Páńpù tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ láti 50 sí 40 Hertz yóò máa gba nǹkan bí ìdajì agbára tó ń gbà tẹ́lẹ̀, nígbà tí omi rẹ̀ kò dín ju ìdá márùn-ún kan lọ. Láti April 2024 tí owó iná Band A ti fò lọ sí ₦225 fún yúníìtì kan ni àwọn oníléeṣẹ́ ti ń pè mí nítorí èyí, mo sì ń dáhùn tayọ̀tayọ̀. Ẹ̀rọ tó ń fún epo ẹ̀pà kò rí bẹ́ẹ̀. Bó sáré, bó rọra, ipá tí mọ́tò fi ń yí i (torque) kì í dín. Ẹ má ra dráìfù tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú mọ́tò fún un; ẹ wo iye tí ìwé rẹ̀ pè ní heavy duty, ìyẹn ti iṣẹ́ líle.

Lẹ́yìn náà, ẹ nu nameplate, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ nọ́ńbà mọ́tò sí lára rẹ̀, kí ẹ fi fóònù yà á. Fólítì, áńpù, Hertz, ìyára, gbogbo rẹ̀ ni ẹ ó tẹ̀ bó ṣe wà. Mọ́tò tó bá kọ ìyára 1460 síbẹ̀, ẹ má tẹ 1500. Ìyàtọ̀ 40 yẹn ni dráìfù fi ń mọ bí mọ́tò ṣe ń fà sẹ́yìn lábẹ́ ẹrù. Ọgbọ́n vector control, tí dráìfù fi ń ṣírò ohun tó ń lọ nínú mọ́tò kó lè darí ipá rẹ̀, tí Felix Blaschke ti iléeṣẹ́ Siemens ní Jámánì gbé jáde nígbà tí ọdún 1970 ń bẹ̀rẹ̀ wà nínú dráìfù kékeré lónìí, ṣùgbọ́n kò wúlò bí dráìfù kò bá mọ mọ́tò náà. Ìdí nìyẹn tí autotune fi wà, kí dráìfù lè fúnra rẹ̀ wọn mọ́tò. Ẹ tú bẹ́líìtì kúrò tí ẹ bá lè ṣe é, kí mọ́tò yí lófìfo nígbà tí dráìfù ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá tan vector láìṣe autotune ìbá kúkú fi í sílẹ̀ lórí V/f, ọ̀nà ìrọ̀rùn tí fólítì kàn ń bá Hertz lọ.

Ẹ̀rọ epo ẹ̀pà kan ní Sharada ló kọ́ mi ní èyí tó pọ̀ jù. Mọ́tò 22 kW. Lójoojúmọ́, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, dráìfù á dúró, Màláàmù tó ń darí ẹ̀rọ á tẹ reset, ó di ìṣẹ́jú ogún sí i, ó tún dúró. Wọ́n ti pààrọ̀ dráìfù náà lẹ́ẹ̀kan. Mo ṣí àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ (púpọ̀ nínú wọn ń tọ́jú àwọn àṣìṣe tó kẹ́yìn, reset kì í pa wọ́n rẹ́), mo sì rí i pé ooru ni gbogbo wọn. Oṣù April ni, ìta nìkan ti lé ní ìwọ̀n 40 Celsius. Mo fi tẹmómítà sínú páánù, àpótí onírin tí dráìfù wà nínú rẹ̀, tí wọ́n tì pa, ó fi 53 hàn. Fún ìwọ̀n 40 ni wọ́n ń ṣe ọ̀pọ̀ dráìfù. Nínú àwọn ìwé tí mo ti kà, agbára rẹ̀ ń dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan lé e, wọ́n sì máa ń dá ọwọ́ dúró ní 50.

Eruku ti di ihò heat sink, irin tó ń gbé ooru kúrò lára dráìfù, pa bí òwú. Ẹnì kan sì ti gbé carrier frequency, iye ìgbà tí dráìfù ń gé iná láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, sókè sí 12 kHz (ẹgbẹ̀rún méjìlá ìgbà), nítorí pé ariwo mọ́tò ń dí wọn létí. Bí dráìfù bá ṣe ń gé iná kíákíá tó, bẹ́ẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ ń gbóná tó. Mo dá a padà sí 4, mo fi blower fọn eruku jáde, a gé ihò sí ìsàlẹ̀ páánù, a fi fáànù àti fílítà sí òkè. Mọ́tò padà ń pariwo díẹ̀. Mo ṣàlàyé fún ọ̀gá wọn pé ariwo yẹn kò burú, ó sì gbà. Láti ọjọ́ náà, kò dúró ní ọ̀sán mọ́.

Eruku ọyẹ́ gan-an, ẹ má fi í sílẹ̀ di àsìkò òjò. Bó bá gbẹ, ooru nìkan ló ń fà. Bí òjò àkọ́kọ́ bá rin ín, ó lè gbé iná láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì lórí bọ́ọ̀dù. Ìparí February ni mo máa ń fọn tèmi.

Nípa kóòdù àṣìṣe tó ń hàn lójú dráìfù: ti iléeṣẹ́ kan kì í jọ ti òmíràn, ẹ wo ìwé. Bí áńpù bá pọ̀ jù nígbà tó ń gbéra, ẹ kọ́kọ́ fa àkókò ìgbéra gùn. Ẹ̀rọ epo tí ẹ̀pà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ kò lè sáré láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 5. Mo ń fún un ní 25. Bí fólítì bá pọ̀ jù nígbà tó ń dúró, ẹrù ló ń ti mọ́tò, tí mọ́tò wá ń tú iná padà sínú kapásítọ̀. Ẹ jẹ́ kó rọra dúró, tàbí kí ẹ fi braking resistor sí i, kó sọ iná tó ṣẹ́kù yẹn di ooru. Bí fólítì bá kéré jù, ẹ fi mítà wọn iná tó ń wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Mo ti rí 340 lórí iná tó yẹ kó jẹ́ 415. Ẹ fi relay tó ń ṣọ́ féèsì síwájú rẹ̀, nítorí bí féèsì kan bá lọ, kapásítọ̀ ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ náà ní tirẹ̀. Dráìfù kì í fa iná geere, ó ń já a gbà ní ṣókí ṣókí, èyí sì ń da AVR, ohun tó ń mú kí fólítì jẹnẹrétọ̀ dúró sójú kan, láàmú. Line reactor, wáyà tí wọ́n ká mọ́ irin, níwájú dráìfù ń tù ú lára gan-an. Ẹ sì jẹ́ kí mọ́tò dúró pátápátá kí iná kejì tó wọlé, tàbí kí ẹ tan flying start, tó ń jẹ́ kí dráìfù lè mú mọ́tò tó ṣì ń yí.

Lórí oko lẹ́bàá Kura, sóólà ló gbòde lórí kànga. Ẹ ṣírò fólítì pánẹ́ẹ̀lì dáadáa. Pánẹ́ẹ̀lì 17 tí ẹ so tẹ̀lé ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 46 fólítì, jẹ́ 782, dráìfù tó ní ààlà 800 yóò gbà á lórí ìwé. Àmọ́ òtútù ń gbé fólítì pánẹ́ẹ̀lì sókè. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́ tí ìwọ̀n bá jẹ́ 12, yóò ti kọjá 810. Ẹ fi 16 sí i. Kébù tó gùn wọ inú kànga náà léwu: ìgbì iná tó dé òpin kébù lè ta padà, kí fólítì lẹ́nu mọ́tò di ìlọ́po méjì, ju 1000 lọ, kó sì jó wáyà inú rẹ̀. Bó bá ti lé ní 50 mítà, èmi ń fi reactor tàbí fílítà sí ẹnu ìjáde. Àwọn dráìfù tuntun onísílíkọ̀n-kábáìdì ń gé iná kíákíá ju tàtijọ́ lọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ kébù yìí yóò máa le sí i ni.

Dráìfù ìsinsìnyí tún ń bá fóònù sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ Bluetooth. Ẹ kọ́kọ́ fi fóònù yẹn ṣe ẹ̀dà gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀ kí ẹ tó yí ẹyọ kan, kí ẹ sì pààrọ̀ password tó bá a dé láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é.

Mo máa ń so ìwé olójú-ewé 40 àti bírò mọ́ ilẹ̀kùn páánù: ọjọ́, aago, kóòdù, Hertz, áńpù, fólítì. Màláàmù ti Sharada ń kọ ọ́ ní Hausa, mo sì ń kà á bẹ́ẹ̀. Ó ti wá ń pè mí kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, a sì jọ máa ń ka ohun tó wà lójú rẹ̀, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn.