Fífọ orí lálẹ́: ọwọ́ dúró, awọ orí ló ń rìn

Irun tí mo tú ní Sátidé ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń fi gbogbo ìwẹ̀ alẹ́ jìn fún orí, torí abẹ́ irun tó ti pẹ́ ní dídì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fọ̀ ní ìṣẹ́jú méjì.

Ọṣẹ ni mo kọ́kọ́ pò. Mo gé ọṣẹ dúdú tó awẹ́ obì kan, mo rún un sínú ife omi gbígbóná méjì, mo fi sílẹ̀ títí ó fi yọ́ tó sì tutù, mo wá fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́ ẹ. Ẹ má fo ibi sísẹ́ yẹn. Eérú ni wọ́n fi se ọṣẹ dúdú, èyí tí kò kúnná nínú rẹ̀ máa ń ha awọ orí bí iyanrìn. Omi eérú le, tí kò bá là tó, gbogbo òróró tó wà lára awọ ló máa bó lọ, orí á gbẹ, á sì máa yún. Àwọn tó ń sọ pé nǹkan ìbílẹ̀ kì í pa ni lára, ẹ ní kí wọ́n fi odindi rẹ̀ fọ orí lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì ná. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó fún mi.

Kí omi tó kan irun ni mo ti fi ìka tú gbogbo kókó ìdí rẹ̀. Irun 50 sí 100 ló ń já lórí èèyàn lójúmọ́, àmọ́ nínú irun dídì, wọn kò ríbi bọ́ sí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó lè tó 2,000 sí 4,000. Nítorí náà, ìdìpọ̀ irun tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ kò bà mí lẹ́rù. Tí omi bá kàn án kí ẹ tó tú u, á lọ́ pọ̀ bí òwú tútù, àlùmọ́gàjí ló máa parí ọ̀rọ̀.

Mo pín irun sí mẹ́rin, mo fi òróró àgbọn ṣíbí ìjẹun kan pa awọ orí ní ojú ìlà, mo dúró fún 20 ìṣẹ́jú. N kì í lo òrí fún èyí. Ó máa ń dì, ọṣẹ ẹ̀ẹ̀kan kì í ràn án.

Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni mo ṣí. Inú ọrùn ọwọ́ ni mo fi dán an wò, torí ìka tí ara rẹ̀ ti mọ́ ìkòkò gbígbóná kò lè sọ òótọ́. Lábẹ́ omi yìí ni mo ti wọ́ orí, kí ọṣẹ tó dé ibẹ̀ rárá.

Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Wọ́n á máa fi ìka yí gbirigbiri lórí irun. Irun ń lọ́ pọ̀, awọ orí kò mọ̀ pé wọ́n ń ṣe nǹkan kan. Orí ìka ni kí ẹ lò, kì í ṣe èékánná. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí ẹ ó fi kan líle eegun, kí ìka má yẹsẹ̀ mọ́, kí ẹ wá ti awọ náà síwájú, kí ẹ fà á padà. Tó bá tọ̀nà, awọ iwájú orí yóò máa ká jọ, yóò sì máa nà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ni mo ṣe lójú kan kí n tó sún ìka.

Ẹ̀bátí ni mo ti pẹ́ jù. Ẹ deyín mọ́ra, kí ẹ fọwọ́ kàn án: ẹran tó wú sókè yẹn la fi ń jẹun, ó sì gùn dé òkè etí. Ẹni tó bá deyín mọ́ra látàárọ̀ nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ ọkọ̀, ibẹ̀ ló máa le sí. Mo la ẹnu díẹ̀, mo wọ́ ọ fún ìṣẹ́jú méjì. Àtàrí kì í rìn púpọ̀ ní tiẹ̀, ẹ má fipá tì í. Lábẹ́ eegun ìpàkọ́, kòtò kékeré méjì wà níbi tí iṣan ọrùn ti so mọ́ orí. Mo ti àtàǹpàkò méjèèjì bọ̀ ọ́, mo gbójú sókè díẹ̀, mo jẹ́ kí orí fúnra rẹ̀ wúwo lé wọn, mo mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún. Iwájú ọrùn tí iṣan ti ń sọ kìkìkì, ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ tẹ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tí eéwo tàbí làpálàpá bá wà.

Ọṣẹ kò lò ju ìṣẹ́jú méjì lọ lórí mi. Ṣíṣàn rẹ̀ ló pẹ́: ẹ̀yìn etí àti ìsàlẹ̀ ìpàkọ́ ni ọṣẹ máa ń sá pamọ́ sí, tí ìka bá ṣì ń yọ̀ níbẹ̀, kò tíì tán. Nínú omi kànga tí ọṣẹ kì í hó dáadáa, nǹkan funfun kan máa ń lẹ̀ mọ́ irun tí wọ́n á rò pé èépá orí ni. Omi òjò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo po oje ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí kan mọ́ omi lítà kan, mo dà á sórí, lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan mo ṣàn án kúrò, torí ohun kíkan máa ń pa agbára omi eérú. Alẹ́ nìkan ni mo ń lò ó: tí oòrùn bá bá oje yẹn lára awọ, ó ń jó ni, á sì dá àpá dúdú.

Ẹ̀wù òwú tó ti gbó ni mo fi tẹ omi kúrò, n kò fi nu ún. Mo jókòó dúró kó gbẹ kí n tó dé fìlà orun, torí irun tútù tí a dì mọ́ abẹ́ aṣọ máa ń rùn. Onídìrí fẹ́ dì í lọ́jọ́ kejì. Mo ní kó di ọjọ́ kẹrin.