Wọ́n Yí Sítẹ́árìn, Wọ́n Gbàgbé Iná: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Tí Ẹ Bá Fẹ́ Fi LED Sí Ọkọ̀ Akẹ́rù Kékeré Tòkunbọ̀

Ojú ọ̀nà Ìdànrè sí Àkúrẹ́ ni wọ́n ti là mí lójú. Alẹ́ ni, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún ẹ̀yìn Suzuki mi fọ́fọ́, iná iwájú LED tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i ń tàn bí ọ̀sán. Gbogbo ọkọ̀ tó ń pàdé mi ló ń ṣẹ́jú iná sí mi. Mo rò pé wọ́n ń kí mi kú oríire ni, èmi náà ń fun fèrè dá wọn lóhùn. Àfi ìgbà tí mo dé Aládé, tí bàbá kan tó ń wa ọkọ̀ pákó bọ̀ níwájú dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, tó yọ orí lójú fèrèsé.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ kí n wa ọkọ̀ wọ igbó ni? Dím iná ẹ!"

Mo ní, "Ẹ má bínú sà, díìmù náà ló wà níbẹ̀ yẹn."

Bàbá wò mí títí. Ó ní, "Tí díìmù bá rí báyìí, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí fúùlù ẹ."

N kò bá LED jà o. Òun ni mo ṣì ń lò títí di òní. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀mejì ni mo ná owó kí n tó ṣe é dáadáa, nítorí pé gílóòbù ni mo kọ́kọ́ rà, ibẹ̀ sì kọ́ ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀.

Ọwọ́ òsì ni wọ́n ṣe iná yẹn fún

Ní Jàpáànù, ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà lójú pópó. Àwa náà ń gbà á tẹ́lẹ̀, bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi lé wa lọ́wọ́, títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Tó bá kan sítẹ́árìn, kò sẹ́ni tí kò mọ èyí. Kí irú ọkọ̀ wa yìí tó já sí títì níbí, wọ́n á ti tú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ palẹ̀, wọ́n á gbé sítẹ́árìn láti ọ̀tún wá sí òsì. Iná iwájú ńkọ́? Ẹnikẹ́ni kì í bi í.

Díìmù, iná tí a ń rẹ̀ sílẹ̀ bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, kò tẹ́ pẹrẹsẹ bí a ṣe rò. Ẹ tan án sí ògiri lálẹ́, ẹ ó rí i pé apá kan rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀, apá kejì gbé èjìká sókè. Apá tó gbé èjìká ni awakọ̀ fi ń rí ẹ̀gbẹ́ títì: ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ewúrẹ́, ẹnu kòtò. Apá tó tẹ́ ni wọ́n fi bo ojú ọkọ̀ tó ń bọ̀ láṣìírí. Iná tí wọ́n ṣe fún Jàpáànù, òsì ló ti ń gbé èjìká. Ẹ wá gbé e wá sí Àkúrẹ́, níbi tó jẹ́ pé òsì wa gan-an ni ọkọ̀ tó ń bọ̀ wà. Èjìká iná bọ́ sójú ẹni ẹlẹ́ni tààrà. Ọwọ́ ọ̀tún wa, níbi tí ọlọ́kadà tí kò tan iná ń sápamọ́ sí, ó ṣókùnkùn biribiri.

Nígbà tí gílóòbù halogen, ìyẹn gílóòbù àtijọ́ onírun tín-ín-rín, tó ti rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀. LED ló tú àṣírí.

Àwọn kan á ní kí ẹ dojú gílóòbù kodò kí èjìká lè bọ́ sí apá kejì. Ẹ má gbà. Wọ́n ṣe é fún mi rí, orí igi ni iná mi ń wò, bíi pé mo ń dẹ àdán.

Bí ojú iná ọkọ̀ yín bá jẹ́ róbótó onínṣì méje, orí yín ṣe rere. Ìwọ̀n yẹn wà káàkiri ayé, ẹ lè ra odindi ilé iná tí wọ́n ṣe fún ọwọ́ ọ̀tún, kí ẹ sì yọ ti Jàpáànù dànù. Bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n dà fún ara ọkọ̀ yín nìkan, ọ̀rọ̀ le díẹ̀. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá fẹ́ wa ọkọ̀ wọn kọjá sí Faransé máa ń lẹ nǹkan bo apá kan ojú iná, ìdí kan náà ni. Àwa náà lè fi tépù dúdú ṣe é sórí gíláàsì, kí a máa fi ògiri dán an wò títí èjìká yóò fi wálẹ̀. Bí kò bá wálẹ̀, ìmọ̀ràn mi ni kí ẹ fi halogen tó dára sílẹ̀ níbẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà nínú ilé iná náà. Àwo dídán tó wà lẹ́yìn gílóòbù, wọ́n ti ṣírò rẹ̀ mọ́ ibi tí irun tín-ín-rín inú halogen wà. Bí LED bá kúrò ní ojú ibẹ̀ díẹ̀ báyìí, iná á fọ́n káàkiri. Ẹ ra èyí tí pátákó rẹ̀ fẹ́lẹ́, kí ẹ sì rí i pé ojú LED kọ sí ọ̀tún àti òsì, bí aago mẹ́ta àti aago mẹ́sàn-án. Bí ó bá kọ sókè àti sílẹ̀, ẹ ti ṣòfò. Ní Jámánì tí wọn kì í fi iná ọkọ̀ ṣeré, ọdún 2020 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí LED tí ilé-iṣẹ́ Osram ṣe láti rọ́pò halogen, àwọn ọkọ̀ tí wọ́n sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀ nìkan ló lè lò ó. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó tà á á ní gbogbo ọkọ̀ ló ń wọ̀.

Ebi ló ń pa halogen yín

Kí ẹ tó ní halogen kò mọ́lẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè bóyá oúnjẹ ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí ọ̀gá rewáyà mi fi mítà wọn tèmi, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, bátìrì fún un ní 14.1 fóòtì. Ní sọ́kẹ́ẹ̀tì gílóòbù, 11.6 ló kù. Halogen kì í fara da irú ebi bẹ́ẹ̀: bí fóòtì bá dín ní ìdá kan nínú mẹ́wàá péré, ìmọ́lẹ̀ á dín ní bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Ẹ wá ro ti tèmi tó dín ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Níbo ni ìyókù wà? Ó wà nínú wáyà tí wọ́n fi kún un nígbà tí wọ́n ń gbé sítẹ́árìn. Síwíìṣì iná wà lára sítẹ́árìn. Bí sítẹ́árìn bá kó lọ sí apá kejì, wáyà kò ní tó. Wọ́n bá ta á kún pẹ̀lú wáyà tín-ín-rín, wọ́n lọ́ ọ pọ̀, wọ́n fi tépù wé e, ó parí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, wáyà áàtì tó kan irin ọkọ̀ ti dípẹtà. A fi sáńpépà ha ibẹ̀ dé irin funfun, a tún ìsopọ̀ yẹn ṣe, a sì fi relay, ìyẹn síwíìṣì tí iná ń tẹ̀ fúnra rẹ̀, sí i kí iná lè máa ti bátìrì wá tààrà. Halogen àtijọ́ náà jí! Mo ń sọ ọ́ láìfi bò: ọ̀pọ̀ nínú yín, bí ẹ bá ṣe èyí nìkan, owó LED á ṣẹ́ kù sápò yín.

Àwọn ọkọ̀ yìí kéré, òfin ló sọ wọ́n di kékeré. Láti ọdún 1990, ẹ́ńjìnnì wọn kò gbọ́dọ̀ ju 660cc lọ ní Jàpáànù. Láti 1998, gígùn wọn kò gbọ́dọ̀ ju mítà 3.4 lọ, fífẹ̀ wọn kò sì gbọ́dọ̀ ju mítà 1.48. Suzuki Carry ni o, Daihatsu Hijet ni o, Honda Acty tàbí Subaru Sambar, bákan náà ni gbogbo wọn há. Alternator wọn pàápàá, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún ọkọ̀, kò tóbi. Nítorí náà, bí ẹ bá rí páálí LED tí wọ́n kọ 200W (wáàtì, ìwọ̀n agbára iná) sí, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ ṣírò. Halogen ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń pè ní H4 jẹ́ 60W lórí fúùlù àti 55W lórí díìmù. 60 tí a bá fi 12 pín, áńpì márùn-ún ni. 200W á fa bí áńpì mẹ́tàdínlógún lójú kan, bí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lójú méjèèjì. Fíúsì oníáńpì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó bá ń gbé ojú méjèèjì ì bá ti jó kí ẹ tó jáde ní àgbàlá. Bí kò bá jó, irọ́ ni páálí ń pa. Ọ̀pọ̀ LED tó dára wà láàárín 20W sí 30W, ìyẹn sì tó. Ẹni tí fíúsì rẹ̀ bá wá ń jó lóòótọ́, tó bá fi wáyà rọ́pò fíúsì, ọkọ̀ ló ń dáná sun yẹn.

Ó tún ku ohun kan tó ń da àwọn rewáyà tí kò mọ ọkọ̀ Jàpáànù láàmú. Nínú ọkọ̀ púpọ̀, áàtì ti wà ní ẹsẹ̀ gílóòbù nígbà gbogbo, pọ́sítíìfù ni síwíìṣì ń gbé wá. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Jàpáànù àtijọ́, ó yí padà: pọ́sítíìfù ti dúró síbẹ̀, síwíìṣì ló ń so díìmù tàbí fúùlù mọ́ áàtì. Halogen kò mọ ìyàtọ̀, torí irun lásán ni. LED mọ̀ ọ́n. Ẹ ó fi sí i, kò ní tàn. Tàbí díìmù àti fúùlù á tàn pọ̀. Tàbí iná búlúù kékeré inú dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń fi fúùlù hàn á kọ̀ láti tàn. Rewáyà á ní LED yín ti bàjẹ́, ẹ ó lọ ra òmíràn, ohun kan náà á tún ṣẹlẹ̀. Báyìí ni mo ṣe ra ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹ fi tẹ́sítà wo ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ẹ tó jáde nílé, kí ẹ sì béèrè èyí tó ń bá irú ìsopọ̀ méjèèjì ṣiṣẹ́.

Funfun bí ẹyin

Gbogbo wa la fẹ́ràn iná funfun. Àwọn ọmọ Jàpáànù náà ló bí i: Akasaki, Amano àti Nakamura gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014 nítorí LED búlúù. LED búlúù yẹn ni wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú oníyẹ́lò bò tó fi di funfun, ìdí nìyẹn tí àwọn olówó pọ́ọ́kú fi máa ń tàn bí aró. Páálí á kọ 6000K tàbí 6500K sí i; K ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ iná, bó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni iná ń kúrò ní pípọ́n lọ sí funfun àti búlúù. Halogen kò ju bí 3200K lọ. Ẹ wa ọkọ̀ pẹ̀lú 6500K nínú òjò oṣù Kẹsàn-án ní ìhà Òwènà, tàbí nínú ìkùukùu ìdájí láàárín àwọn òkè Ìdànrè, ẹ ó rí ògiri funfun kan níwájú yín, títì á pòórá. Bí ẹ bá rí 4300K, ẹ mú un.

Àyè ẹ̀yìn iná ọkọ̀ yìí há tó jẹ́ pé fáànù ẹ̀yìn LED kì í jẹ́ kí rọ́bà ìdérí padà wọlé. Àwọn kan á gé rọ́bà náà, àwọn kan á sọ ọ́ nù. Omi á wọlé, àwo dídán á pọ́n, nígbà tí ọyẹ́ bá sì dé, eruku ọ̀nà oko á dí fáànù pa. Ẹ fi téèpù wọn ìjìnlẹ̀ ibẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Bí LED bá ń mú kí Adaba FM máa ké kẹ̀ẹ̀ lórí 88.9, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Ní ti títọ́ ojú iná, ẹ má ṣe é pẹ̀lú ọkọ̀ òfìfo. Ọkọ̀ kékeré ni. Bí ẹ bá ti kó ẹrù sí ẹ̀yìn, imú á gbé sókè, iná á tẹ̀lé e. Ẹ kó irú ẹrù tí ẹ máa ń kó sí i, ẹ fún táyà ní atẹ́gùn tó tó, kí awakọ̀ jókòó, kí ẹ dúró sí ilẹ̀ títẹ́ ní mítà márùn-ún sí ògiri. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí àárín gílóòbù ga dé. Apá díìmù tó tẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sísàlẹ̀ àmì yẹn. Èmi lo ògiri ilé ìjọsìn kan ní Ọ̀dà Róòdù, lẹ́yìn tí wọ́n parí ìsọjí; ọlọ́dẹ rò pé olè ni mí.

Èyí tó kù ni pé kí ẹ má sọ halogen àtijọ́ nù. Tèmi wà nínú agolo mílíìkì lábẹ́ àga, mo fi àkísà wé e. Ìgbà tí fáànù LED apá òsì kú mọ́ mi lọ́wọ́ nítòsí Bọ́lọ́runduro, pẹ̀lú kòkó lẹ́yìn àti òjò lókè, mo fi eyín di fóònù mú kí n lè ríran, mo yọ ọ́, mo fi ti àtijọ́ sí i. Àárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo ti ń bá ọ̀nà mi lọ, ojú kan funfun, ojú kan pọ́n.