Bí mo ṣe gba àwọn akọ́ṣẹ́ tuntun sí ọ́fíìsì alukoro wa ní Òṣogbo

Ọ̀gá mi ló gbé e lé mi lọ́wọ́ pé kí n wá akọ́ṣẹ́ tí yóò máa bá wa kọ àtẹ̀jáde, tí yóò sì máa bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ alukoro là ń ṣe, Òkè-Fíà ni ọ́fíìsì wa wà. Tẹ́lẹ̀, ọ̀gá á pe ọ̀rẹ́ wọn kan, ọ̀rẹ́ á mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, ó parí. Abájọ tí gbogbo wa fi jọra: yunifásítì kan náà, irú ilé ìjọsìn kan náà. Gbogbo ìlú là ń bá sọ̀rọ̀ o, ṣùgbọ́n ìdajì ìlú kò sí láàárín wa.

Ìkéde tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mú. "Arẹwà ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọmọ ọdún 25" ló ń wá, kó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, kó sì ti wà nínú NIPR, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn alukoro ní Nàìjíríà. Mo pa ẹwà àti ọjọ́ orí rẹ́. Ṣé ẹwà ló fẹ́ kọ àtẹ̀jáde ni? Ti NIPR ni mo fara balẹ̀ rò, torí òfin 1990 ló fún ẹgbẹ́ náà láṣẹ lórí iṣẹ́ yìí. Mo kọ ọ́ pé ẹni tí a bá gbà yóò ṣe ìdánwò ẹgbẹ́ náà bó bá ti ń kọ́ṣẹ́ lọ. Mo fi kún un pé kí àkàndá ẹ̀dá náà wá, àti pé a ó máa san owó ọkọ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Lójú tèmi, ìlà owó ọkọ̀ yìí ló ṣe pàtàkì jù. Iṣẹ́ tí wọn kì í sanwó rẹ̀, ọmọ olówó nìkan ló lè kọ́ ọ.

Yorùbá ni mo fi kọ ọ́. Mo fún rédíò, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní Ọjà Ọba, mo sì mú un lọ bá àwọn adití níbi tí wọ́n ti ń ṣèpàdé.

"Ṣé o fẹ́ kí àwọn oníbàárà wa sá ni?" ni ọ̀gá bi mí.

"Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn ná, sà."

Mo rán wọn létí òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019, tó ní kí ìdá 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ ìjọba jẹ́ àkàndá ẹ̀dá. Wọ́n ní ti ìjọba nìyẹn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òfin kan náà ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tìtorí àìpé ara lé èèyàn sẹ́yìn, àwa náà sì wà nínú "ẹnikẹ́ni" yẹn.

Ìdánwò kan ṣoṣo ni mo ṣe: kí wọ́n kọ ìkéde rédíò kékeré tí yóò mú kí àwọn ará Gbọ̀dọ̀fọ́n yéé da ìdọ̀tí sódò. Mo bo orúkọ wọn, mo fi nọ́ńbà rọ́pò rẹ̀, torí ní ìlú yìí, bí o bá ti rí Mùlíkátù, Dèbórà tàbí Ọ̀ṣunbùnmi, o ti mọ ibi tí onítọ̀hún ti ń jọ́sìn. Ọ̀pọ̀ bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fẹ́ fi àsìkò yìí tọrọ ìfọwọ́sowọ́pọ̀..." Ẹnì kan kọ ọ́ pé: "Ọ̀rá omi tí ẹ jù sódò lánàá, ẹnu ọ̀nà yín ló ń bọ̀ bí òjò bá rọ̀." Ọ̀gá kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Yunifásítì wo lèyí ti jáde?" Mi ò dáhùn títí wọ́n fi fún un ní máàkì. Ìyá aládìrẹ kan ni, ìwé mẹ́wàá ló kà mọ.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì wa, ẹnì kan sì ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, nítorí náà ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò wa nísàlẹ̀ la ti fọ̀rọ̀ wá gbogbo wọn lẹ́nu wò. Mo gba ògbufọ̀ fún ọ̀dọ́kùnrin adití kan, a sanwó fún un, mo sì kìlọ̀ fún ọ̀gá pé ọ̀dọ́kùnrin náà ni kí wọ́n máa wò bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ògbufọ̀. Ìbéèrè tí òun náà bi wá ni pé kí ló dé tí kò sí ọ̀rọ̀ kíkọ kankan lábẹ́ fídíò wa. Ó ti ń kọ ọ́ sí i báyìí. Oníbàárà kankan ò tíì sá.

Ìyá aládìrẹ àti ọ̀dọ́kùnrin náà la gbà, pẹ̀lú ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ láti ilé, torí onílé kò tíì gbà kí a kó ọ́fíìsì wa sọ̀kalẹ̀ sí yàrá tó ṣófo nísàlẹ̀. Ó fẹ́ fowó lé e. Ọ̀gá fúnra wọn ló ń bá a nájà.