Irun Àgùntàn Aláwọ̀: Láti Orí Búrọ́ọ̀ṣì Oníwáyà Dé Orí Abẹ́rẹ́ Ìhun

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni àwọ̀ máa ń pò mọ́ra kí irun àgùntàn tó di aṣọ: lórí búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà, nígbà tí a bá ń ran án lówùú, nígbà tí a bá ń lọ́ òwú méjì pọ̀, àti lórí abẹ́rẹ́. Ẹni tí kò bá fi èyí sọ́kàn yóò ya irun náà títí ojú rẹ̀ yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà tí ó bá wá hun ún tán, pupa kò sí mọ́, búlúù kò sí mọ́, àwọ̀ eérú tó ṣú ló kù. Ẹ dáwọ́ dúró nígbà tí ẹ ṣì ń rí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìlà-ìlà.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ irun tí ẹ pa láwọ̀ wò. Ẹ fa ìdì kékeré kan láti ìparí rẹ̀. Ó yẹ kí ó yọ́ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ó bá ń dì mọ́ra, wọ́n ti rò ó pọ̀ jù nínú omi gbígbóná, tàbí wọ́n gbé e láti inú omi gbígbóná sínú omi tútù lẹ́ẹ̀kan náà. Ìpẹ́ wéwé ló wà lára irun àgùntàn, bí ooru àti rírò bá sì ti pàdé, àwọn ìpẹ́ náà á kọ́ ara wọn. Èyí tó dì díẹ̀ ṣeé fi ìka tú. Èyí tó ti di gbagidi, ẹ yọ ọ́ kúrò, torí kókó ni yóò dà nínú òwú.

Lẹ́yìn náà, ẹ rẹ irun díẹ̀ sínú omi, kí ẹ fi aṣọ funfun fún un. Bí àwọ̀ bá ràn mọ́ aṣọ náà, tó sì jẹ́ irú àwọ̀ tí a ń fi fínígà mú, ẹ dá a padà sínú ìkòkò. Mìlílítà 30 fínígà tó fún 100 gíráàmù irun. Ẹ jẹ́ kí omi náà gbóná tó 85 dígírì fún 30 ìṣẹ́jú láìrò ó, kí ó sì tutù nínú ìkòkò náà fúnra rẹ̀. Aró kò gba fínígà ní tirẹ̀. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ títí omi yóò fi mọ́.

Irun tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 ló dára jù fún búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà. Bí ó bá ju 12 lọ, yóò ká mọ́ eyín búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ má sì po irun tí wọ́n ti tọ́jú kí ó má baà sún kì mọ́ irun tí wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ìgbà tí ẹ bá fọ aṣọ náà, apá kan á sún, apá kejì kò ní sún.

Gíráàmù 10 péré ni kí ẹ fi dánrawò. Ẹ gbìyànjú búlúù 5, pupa 2, funfun 2.5, yẹ́lò 0.5. Yẹ́lò kékeré yẹn kò ní hàn lójú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, àwọ̀ náà á kú. Dúdú lágbára gan-an: gíráàmù kan ti tó láti yí funfun 20 padà. Ẹ kọ ìwọ̀n gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, torí ojú kì í rántí àwọ̀.

Ẹ tẹ́ irun tó gíráàmù 3 sí 5 fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí búrọ́ọ̀ṣì kan, àwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀. Ẹ fi ìkejì gbá a láti etí wọlé, kí orí eyín kan orí eyín lásán. Bí eyín bá wọnú eyín tí ẹ sì ń gbọ́ ariwo gáragàra, irun ń já nìyẹn, irun tó já ló sì ń di kókó wéwé. Ẹ gbé e láti búrọ́ọ̀ṣì kan sí èkejì ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó pọ̀ jù, ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ ká a bí ẹní.

Fún ríran, kẹ̀kẹ́ ìrànwú kékeré tó ń so rọ̀ mọ́ òwú, tó wúwo tó gíráàmù 30 sí 40, rọrùn fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ẹ yí i sí ọ̀tún, kí ọwọ́ kan máa fa irun, kí èkejì má jẹ́ kí ìlọ́ kọjá sínú ìdì irun. Àlàfo ọwọ́ méjèèjì ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ó gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígùn irun. Bí ọwọ́ bá sún mọ́ra jù, irun kan náà ni ẹ di orí àti ìdí rẹ̀ mú, kò sì ní yọ. Bí wọ́n bá jìnnà jù, òwú á já, kẹ̀kẹ́ á já lulẹ̀. Ẹ máa ká òwú tuntun sẹ́yìn láti wò ó: bí ó bá lọ́ mọ́ra wẹ́rẹ́, ó dára, bí ó bá ń dì kókó, ìlọ́ ti pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí òwú náà sinmi mọ́jú. Òwú méjì ni kí ẹ wá lọ́ pọ̀ sí òsì, ìdàkejì bí ẹ ṣe ran án. Ẹ ká a bí òrùka ńlá, ẹ dè é ní ojú mẹ́rin, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ fi aṣọ ìnura fún un, ẹ má lọ́ ọ, kí ẹ sì gbé e kọ́ láìso ohun wúwo mọ́ ọn.

Ẹ wé òwú gbígbẹ mọ́ rúlà. Bí wíwé ẹ̀ẹ̀méjìlá bá kún sẹ̀ǹtímítà 2.5, abẹ́rẹ́ onímìlímítà 4 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé ojú ìhun 28 sórí rẹ̀, ẹ hun ún tó sẹ̀ǹtímítà 12, ẹ fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ, kí ẹ tó ka ojú tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10. Bí ó bá jẹ́ ojú 22, tí àyíká orí sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 56, fìlà tí yóò dì mọ́ orí yẹ kí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 51: ojú 112 nìyẹn.

Bí aṣọ bá ń ṣe wọ́gọ wọ́gọ, tí etí rẹ̀ ń dagun sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìlọ́ òwú náà kò bára dọ́gba. Ẹ hun ojú iwájú ní gbogbo ìlà, yóò dín in kù. Ìdì òwú méjì kò sì ní rí bákan náà láé, kódà bí ẹ bá pò wọ́n pẹ̀lú ìwọ̀n kan náà. Ẹ fi ìdì kan hun ìlà méjì, kí ẹ bọ́ sí èkejì fún ìlà méjì, ojú kò ní rí ibi tí wọ́n ti pààrọ̀.