Bí Ẹ Bá Fẹ́ Tún Balùwẹ̀ Ṣe ní Ìkòròdú: Ohun Tí Ó Wà Lábẹ́ Táìsì

Ẹni tí ó ní ilé tirẹ̀ ní agbègbè Ìkòròdú, tí ó sì fẹ́ gbé iṣẹ́ balùwẹ̀ fún kọngílá, ni a kọ ìwé kékeré yìí fún, yálà ó ń gbé ní Ìgbógbó, Ìmọta, Òdógúnyán, tàbí létí ọ̀sà ní Ìbẹ̀ṣẹ̀ àti Báyékù. A kò kọ ọ́ fún ẹni tí yóò fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ táìsì. Ẹni tí yóò sanwó, tí yóò sì dúró wò, ni à ń bá sọ̀rọ̀.

Àwọ̀ táìsì àti irú ṣáwà ni ọ̀pọ̀ onílé máa ń rò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ìwọ̀nyẹn ló ń ba balùwẹ̀ jẹ́. Páìpù tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò mú, ilẹ̀ tí kò dà sí ojú ihò, omi tó ń yọ́ wọ inú ògiri yàrá: àwọn wọ̀nyí ló ń bà á jẹ́, abẹ́ táìsì sì ni gbogbo wọn wà. Bí wọ́n bá ti bò ó tán, ohun tí kọngílá bá sọ ni ẹ máa gbà. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí iṣẹ́ dúró ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ fojú ara yín rí ohun tí wọ́n fẹ́ bò, kí owó sì máa tẹ̀lé ohun tí ẹ rí.

Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ẹ̀yìnkùlé

Balùwẹ̀ tuntun kò wúlò bí sókàwéè tó ń gba omi rẹ̀ bá ti kún. Ẹ ṣí i wò kí ẹ tó ra ohunkóhun. Ilẹ̀ tó sún mọ́ ọ̀sà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: bí òjò bá ti dé dáadáa ní oṣù kẹfà, omi inú ilẹ̀ á gòkè wá. Kòtò tí wọ́n gbẹ́ lóṣù kejì lè jìn kó sì gbẹ táútáú, kí ó sì ti ní omi nínú lóṣù keje kí ẹnikẹ́ni tó wẹ̀. Kọngílá tó wá lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ yóò sọ pé kò séwu, kò sì ní purọ́, nítorí ohun tó rí ló sọ. Ẹ bi aládùúgbò tó ní kànga léèrè bí omi ṣe máa ń ga tó lákòókò òjò. Bí omi bá máa ń súnmọ́ òkè, sókàwéè tó fẹ̀ tí kò jìn ló yẹ yín, kì í ṣe èyí tó jìn. Kí ìsàlẹ̀ àti ògiri kòtò tó ń gba ìgbẹ́ jẹ́ kọnkéré tí omi kò lè gbà kọjá. Bí ẹ bá sì fẹ́ lo táǹkì oníke lábẹ́ ilẹ̀, ẹ má jẹ́ kó ṣófo nígbà òjò, omi ilẹ̀ lè tì í sókè.

Tẹ́ ẹ bá ń mu omi kànga, ọ̀rọ̀ náà tún gbóná sí i. Mítà 30, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 100, ni a máa ń dámọ̀ràn láàárín kànga àti sókàwéè. Pulọ́ọ̀tì kan l'Ékòó sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, ìdajì pulọ́ọ̀tì sì sábà máa ń jẹ́ 60 sí 60. Ẹ fi okùn wọ̀n ọ́n: lórí irú ìdajì pulọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀, kódà láti igun kan dé igun tó kọjú sí i, kò tó ẹsẹ̀ bàtà 90. Ẹ kò ní rí ẹsẹ̀ bàtà 100 níbẹ̀ láé, ká má tíì wá sọ ti sókàwéè aládùúgbò tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Ẹni tó wà nírú ibẹ̀ kò gbọdọ̀ mu omi kànga tí kò jìn láìsè é. Bọhóòlù tó jìn, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí òkè rẹ̀ yíká dáadáa, sàn ju kànga lọ fún un.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja tàbí adìyẹ, ẹ ní kí kọngílá ṣe pèpéle kékeré kan síta pẹ̀lú ẹnu ẹ̀rọ, níbi tí ẹ ó ti fọ ẹsẹ̀ àti bàtà oko kí ẹ tó wọlé. Ẹrẹ̀, ìyẹ́ adìyẹ àti ìpẹ́ ẹja ló ń dí páìpù balùwẹ̀ ju ọṣẹ lọ. Omi pèpéle yẹn lè lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, bí àwọn ìyá wa ti máa ń ṣe é tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fọ ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fọ́n oògùn oko níbẹ̀, ẹ má sì fọ̀ ọ́ nínú balùwẹ̀. Oko ni kí ẹ ti fọ̀ ọ́.

Kọngílá wo?

Ẹ má fi fọ́tò orí fóònù yan kọngílá. Gbogbo balùwẹ̀ ló máa ń dán lọ́jọ́ tí wọ́n parí rẹ̀. Ẹ ní kó mú yín lọ síbi tó ti ṣiṣẹ́ lọ́dún kan tàbí méjì sẹ́yìn, kí ẹ sì bá ẹni tó ń fọ balùwẹ̀ náà sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó sanwó nìkan. Ẹ bi í pé: ṣé omi máa ń dúró nílẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀? Ṣé òórùn máa ń jáde látojú ihò? Ṣé ọ̀gá náà máa ń gbé fóònù báyìí? Ìbéèrè kẹta yẹn máa ń sọ púpọ̀.

Ẹ bi kọngílá náà pé ta ni púlọ́ńbà rẹ̀, ta ni táílà rẹ̀ tó ń lẹ táìsì, ta ni rìwáyà rẹ̀ tó ń fa iná. Ẹni tó ní òun nìkan ni gbogbo wọn lè jẹ́ ọlọ́wọ́ pípé lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ò ní gbé iná balùwẹ̀ fún un. Ẹ gba iye owó lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, kí olúkúlùkù kọ owó ohun èlò lọ́tọ̀, kó kọ owó iṣẹ́ ọwọ́ lọ́tọ̀. Èyí tí owó rẹ̀ bá kéré jù, ẹ wá ohun tí kò kọ sínú rẹ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí omi wọ ilẹ̀, tàbí owó kíkó pàǹtí.

Bí ẹ bá fẹ́ wó ògiri tó gbé òrùlé dúró tàbí kí ẹ fi yàrá tuntun kún ilé, iṣẹ́ ti kúrò ní títún balùwẹ̀ ṣe nìyẹn. Ẹ lọ bi LASPPPA, tó ń fúnni níwèé àṣẹ ilé kíkọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kí LASBCA, àjọ tó ń ṣọ́ ilé kíkọ́, má baà wá kọ àmì pupa sára ògiri yín.

Ẹ ṣírò táìsì fúnra yín

Ẹ jẹ́ ká mú balùwẹ̀ tó jẹ́ mítà 1.5 sí mítà 2.4. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 3.6 níbùú-lóròó. Ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ dé gíga mítà 2.1, jẹ́ 16.4, ẹ yọ ilẹ̀kùn kúrò, ó ku nǹkan bí 14.8. Táìsì ògiri tó jẹ́ sẹ̀ntímítà 30 sí 60, mẹ́jọ nínú páálí, yóò bo mítà 1.44. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un fún èyí tí wọ́n máa gé àti èyí tó máa fọ́, páálí 12 ló máa jẹ́. Bí kọngílá bá kọ 18, ẹ bi í léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Iye tó wà nínú páálí yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì, torí náà ẹ ka ara páálí kí ẹ tó ṣírò. Ẹ ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí nọ́ńbà ara páálí bára mu. Bí nọ́ńbà bá yàtọ̀, àwọ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀, oòrùn òwúrọ̀ ló sì máa fi hàn yín.

Ọjà Coker ní Ọ̀rílé ni ọ̀pọ̀ ń sáré lọ nítorí pé ó dínwó. Fún balùwẹ̀ kan ṣoṣo, owó ọkọ̀ dé Ìkòròdú àti táìsì tó máa fọ́ lójú ọ̀nà lè jẹ èrè yẹn tán.

Fún ilẹ̀, ẹ má ra táìsì tó ń yọ̀. Èyí tó rí ṣákaṣàka lọ́wọ́ ni kí ẹ mú, pàápàá bí bàbá tàbí ìyá àgbà bá wà nílé. Kí wọ́n kan irin ìdìmú sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ìgbọ̀nsẹ̀ fún wọn, kí ilẹ̀kùn sì máa ṣí síta. Bí àgbà bá ṣubú sẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú, ara rẹ̀ ni yóò dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó fẹ́ gbé e.

Ìdúró mẹ́ta

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé wọn kò gbọdọ̀ bo iṣẹ́ kankan kí ẹ tó wò ó ní ìgbà mẹ́ta yìí. Kọngílá tó mọṣẹ́ kò ní bínú sí i.

Àkọ́kọ́ ni ìgbà tí wọ́n bá ti to páìpù tán, tí wọn kò tíì rẹ́ ògiri, tí wọn kò sì tíì da kọnkéré. Páìpù àwo ìgbọ̀nsẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ íǹṣì 4, ti ojú ihò ilẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kéré ju íǹṣì 2 lọ. Ojú ihò gbọ́dọ̀ ní ibi tí omi ti ń dúró díẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí omi yẹn ló ń dí òórùn sókàwéè mọ́lẹ̀. Páìpù atẹ́gùn gbọ́dọ̀ ga kọjá òrùlé. Kí ẹnu ẹ̀rọ ìdádúró kan wà fún balùwẹ̀ náà nìkan, kí ẹ má baà máa pa omi gbogbo ilé nítorí ṣáwà kan tó ń jò. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n dí gbogbo ẹnu páìpù omi, kí ẹ ṣí omi táǹkì sí i, kí ó sùn bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ fi ọwọ́ gbígbẹ kan gbogbo oríkèé. Ibi tó bá tutù lọ́wọ́, wọ́n máa tún un ṣe lọ́jọ́ yẹn. Kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n bò ó, ẹ na téèpù sára ògiri kí ẹ sì ya fọ́tò. Bí ẹ bá fẹ́ kan ohun ìfaṣọkọ́ lọ́jọ́ iwájú, fọ́tò yẹn ni yóò sọ ibi tí páìpù gbà.

Èkejì ni ìgbà tí wọ́n bá ti da ilẹ̀, tí wọ́n sì ti fi kẹ́míkà adènà-omi kùn ún. Kẹ́míkà náà gbọ́dọ̀ gun ìsàlẹ̀ ògiri yíká, kó sì ga kọjá orí ènìyàn níbi ṣáwà. Bí ó bá ti gbẹ, ẹ dí ojú ihò, ẹ da omi sílẹ̀ kó tó sẹ̀ntímítà 3 tàbí 4, ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí ibi tí omi dé, ẹ tilẹ̀kùn fún wákàtí 24. Bí omi bá sọ̀ kalẹ̀ gan-an, ó ti rí ọ̀nà nìyẹn. Tó bá jẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ẹ lọ wo síìlì yàrá tó wà nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọngílá ni yóò sọ pé èyí ń fi àkókò ṣòfò, pé táìsì fúnra rẹ̀ ń dènà omi. Irọ́ ni. Omi ń gba àárín táìsì kọjá.

Ẹ wọn ìdà ilẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ó yẹ kó máa lọ sílẹ̀ ní bíi sẹ̀ntímítà 2 fún mítà kọ̀ọ̀kan síhà ojú ihò, kí ilẹ̀ balùwẹ̀ sì rẹlẹ̀ ju ti yàrá lọ.

Ẹ̀kẹta ni ìgbà tí táìsì ti wà nílẹ̀ àti lára ògiri, tí wọn kò tíì fi gíráùtì dí àárín rẹ̀. Ẹ fi ìdí ọ̀bẹ kan táìsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún bí ohun tó ṣófo, kí wọ́n ṣí i kí wọ́n tún un lẹ̀, torí ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sán. Ẹ da korobá omi kan sílẹ̀ kí ẹ wo ibi tí yóò dúró sí.

Nípa owó, kí ẹ̀yin àti kọngílá jọ lọ ra ohun èlò, kí rìsíìtì sì wà lọ́wọ́ yín. Nínú owó iṣẹ́ ọwọ́, ẹ san ìdá 30 nínú 100 ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdá 30 lẹ́yìn ìdúró kejì, ìdá 30 nígbà tí gbogbo nǹkan bá parí. Ẹ di ìdá 10 tó kù mú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ẹ fi ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó ní kí ẹ san ìdá 80 kó tó gbé òòlù, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Iná, síìlì àtijọ́, àti omi tó ń pọ́n

Hítà omi kò gbọdọ̀ wà láìní wáyà ilẹ̀ (èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀), bẹ́ẹ̀ ni súìṣì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níta balùwẹ̀. Kó ní wáyà tirẹ̀ láti orí bọ́ọ̀dù, kí wọ́n má fà á lára wáyà bọ́ọ̀bù. Bí ilé yín bá ti pẹ́ tó sì ní síìlì ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, kí wọ́n má fi ayùn gé e. Kí wọ́n fi omi rin ín, kí wọ́n tú u ní odindi, kí àwọn ọmọdé sì jìnnà síbẹ̀. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Omi bọhóòlù tó ní irin nínú máa ń pọ́n táìsì funfun. Ẹ yan gíráùtì aláwọ̀ eérú. Jíkì kì í bọ́ àbàwọ́n irin, ńṣe ló tún ń mú un lágbára. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà sàn jù, ṣùgbọ́n ẹ má da èyíkéyìí nínú wọn pọ̀ mọ́ jíkì, nítorí gáàsì tó máa jáde lè pani.

Bí ìjà bá dé

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Bí ẹ bá rí àléébù, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ rí i, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù kọngílá pẹ̀lú fọ́tò, kí ó má baà sọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pé àwọn ọmọ yín ló fọ́ ọ. Tí kò bá gbọ́, ẹ má pe ọlọ́pàá sí ọ̀rọ̀ gbèsè. Citizens' Mediation Centre tó wà lábẹ́ Ilé Iṣẹ́ Ìdájọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó ń parí irú aáwọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé àdéhùn, rìsíìtì àti fọ́tò ìdúró mẹ́ta yẹn ni kí ẹ kó lọ.

Ẹ tọ́jú táìsì tó bá ṣẹ́kù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí sínú sítọ́ọ̀, pẹ̀lú páálí tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Bí púlọ́ńbà bá fọ́ méjì lọ́dún mẹ́ta sí ìsinsìnyí, irú rẹ̀ lè má sí lọ́jà mọ́.