Ẹ Kó Orúkọ Àwọn Òṣèré Sínú Àpótí Kan

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń kọ àgbéyẹ̀wò fíìmù fún ìwé ìròyìn wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí á máa kó àkọlé fíìmù, orúkọ olùdarí, ọdún tí ó jáde, iye ìṣẹ́jú rẹ̀ àti àwọn òṣèré pàtàkì sínú àpótí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbéyẹ̀wò, kí á má ṣe máa tò wọ́n sáàárín ọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tí ó kàn fẹ́ mọ olùdarí yóò rí i kíákíá, ẹni tí ó sì fẹ́ gbọ́ èrò òǹkọ̀wé kò ní í máa fo orúkọ mẹ́jọ kọjá kí ó tó kan ohun tí ó ń wá. Monthly Film Bulletin, ìwé ìròyìn àgbéyẹ̀wò fíìmù tí wọ́n tẹ̀ ní London láti 1934 títí di 1991, ya orúkọ àwọn òṣèré àti àkópọ̀ ìtàn sọ́tọ̀ kúrò lára ìdájọ́ alágbèéyẹ̀wò, ìyẹn sì dára púpọ̀. Ẹ lè lo lẹ́tà oníwọ̀n pọ́ìntì 8 nínú àpótí náà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí àlàfo láti ìdí ìlà kan dé ìdí ìlà kejì kéré sí pọ́ìntì 11, nítorí pé àmì orí «ẹ́» tí ó wà nísàlẹ̀ a máa lọ kan ìdí «ṣ» tí ó wà lókè rẹ̀, ẹ̀rọ fọ́tòkópì a sì sọ méjèèjì di àbàwọ́n dúdú kan ṣoṣo. Bí àgbéyẹ̀wò kò bá ju ìpínrọ̀ kan lọ, àpótí yóò bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ìlà kan lábẹ́ àkọlé ti tó.